Ìyá Onílé Tó Ń Bá Irin Jà

Tí mo bá ti gbọ́ "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" lójú fèrèsé mi ní àdúgbò Lotto, mo mọ̀ pé ìyá onílé wa ti tún rí kàtúùnù Japan tí mò ń wò, níbi tí ọmọbìnrin kan ti jẹ́ ìdajì èèyàn, ìdajì ẹ̀rọ. Wọ́n á kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, wọ́n á gbàdúrà kí irin má wọ ẹran ara ẹnikẹ́ni nínú ilé àwọn. Èmi náà á ṣe àmín, n ò sì ní pa tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún wọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà fi irin rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n wọlé wá jókòó tì mí, wọ́n wo kàtúùnù náà títí, wọn ò pariwo.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "báwo ni ọmọ onírin yìí ṣe ń kúnlẹ̀?"