Ọjọ́ Tí Màmá Táípù Pààrọ̀ Ọpọlọ Rọ́tà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò kan, láti ayé táípùráítà onírin títí di ayé kọ̀ǹpútà, kó tó fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Màmá Táípù. Bí ẹ bá jọ jókòó tí o ń sọ̀rọ̀, wàá rí ìka rẹ̀ tó ń jó lórí itan rẹ̀, bí ẹni pé ó ń tẹ gbogbo ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ sínú ìwé.

Òun nìkan ló kù nínú ilé. Ọkọ rẹ̀, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún tẹlifóònù ṣe, ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ti wà ní òkè òkun láti ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló ti bímọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò tíì jáde, wọ́n sin bàbá náà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó bí ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ìyá àgbà kò sì tíì gbé e mọ́ra rí. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí ara wọn, bí a bá lè pe ìyẹn ní rírí.

Torí pé àwòrán yẹn kì í dúró ire. Wọn ò ní tíì kí ara wọn tán tí ojú ọmọ á fi fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ohùn á máa gé, tí gbogbo rẹ̀ á sì dúró gbagidi. Bí ẹ bá ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá àti ọmọ bá ara wọn sọ láàárín ọdún kan, ìdajì rẹ̀ ni, "Ṣé ò ń gbọ́ mi? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Lọ́jọ́ kan ni ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ ohun kan fún un, àwàdà ló pè é.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ ọmọ yín ṣe lánàá. Bàbá ẹ̀ ní kó ṣe bí Màmá àgbà fún òun. Ló bá la ẹnu sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìmira, bí ère!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá Táípù gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà kò bá a dé ibi ìdáná. Ó bu oúnjẹ, kò lè jẹ ẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé ohun tí ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n sí nìyẹn: obìnrin kan tó máa ń lanu sílẹ̀, tí kì í parí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe oníṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan ládùúgbò. Ọkùnrin náà wo rọ́tà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, níbi tí ọkọ màmá ti kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá. Ó mi orí.

"Mọ́mì, kinní yìí ti gbó. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e jù nù."

"Kọ́kọ́ gbé èmi jù nù ná," Màmá Táípù dá a lóhùn, "torí mo dàgbà jù ú lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kó àpò rẹ̀, ó lọ. Màmá Táípù mú awò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, ó ka nọ́ńbà ìdí àpótí náà fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Mọ́mì, kò tíì bàjẹ́ o," ni ọmọ sọ. "Ètò tó wà nínú ẹ̀, tó dà bí ọpọlọ ẹ̀, ló ti pẹ́ jù. Wọ́n ti gbé tuntun jáde. Àmọ́ irú èyí, kì í ṣe kéèyàn kàn máa tẹ àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Àṣẹ lèèyàn máa ń tẹ̀ sí i, lẹ́tà lẹ́tà. Ẹ jẹ́ n wá ẹni tó máa bá yín ṣe é."

"Títẹ̀ lo pè é?"

"Títẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kan bá ṣì pẹ́nrẹ́n..."

"Ọmọ yìí, ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Wọ́n fi àárọ̀ Sátidé sí i. Màmá Táípù wẹ̀, ó wọ aṣọ ọ́fíìsì rẹ̀ kan tó ti tóbi jù fún un, ó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ka orí tábìlì. Ó fa wáyà láti ara rọ́tà wá sí ara kọ̀ǹpútà. Ọmọ ti fi ètò tuntun náà ránṣẹ́ láti ọjọ́ méjì ṣáájú, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń jáde síta. Ìpè lásán ni wọ́n pe ara wọn, torí íńtánẹ́ẹ̀tì gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Ó ṣí ojú dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí àwòrán níbẹ̀, àfi ìlà kékeré kan tó ń ṣẹ́jú.

"Ẹ tẹ s, kí ẹ tún tẹ s, kí ẹ wá tẹ h. Ẹ fi àyè kan sílẹ̀..."

Kí ọmọ tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ ìka ìyá rẹ̀, ìró náà sì ti dákẹ́.

"Mọ́mì, ẹ rọra o."

"Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Àpótí náà béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó wà lára àpótí náà, lórí bébà tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Màmá Táípù tẹ àṣẹ, ìlà mélòó kan sì jáde: orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí bàbá ti fi sínú rẹ̀ pé kó máa dá mọ̀ bí wọ́n bá ti wọlé. Ó kà á sókè.

"Fóònù Èmi. Fóònù Ọ̀gá Mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí Ọ̀gá ni ọkọ rẹ̀ máa ń pè é. "Kọ̀ǹpútà Ọmọ. Fóònù..."

Ìka rẹ̀ dúró lórí ìlà kẹrin.

"Mọ́mì? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Fóònù Ọmọ Bó Bá Dé."

Ọmọ rántí ọjọ́ kan kí bàbá rẹ̀ tó kú.

"Dádì ní kí n wá nọ́ńbà kan nínú fóònù mi, kí n kà á fún òun. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní kí n má dá sí i. Mo tiẹ̀ kanra mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn, Mọ́mì. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

Màmá Táípù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ún, ó tún un wọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ọmọ ní. "Kí tuntun tó lè ṣe dáadáa, a máa pa gbogbo àwọn nǹkan wọ̀nyẹn rẹ́. Ẹ jẹ́ n ra òmíràn ránṣẹ́."

"Dúró."

Ó fa bébà kan yọ. Ó kọ gbogbo ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, bó ṣe máa ń da ìwé ẹjọ́ kọ, ó sì yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣe é láìkánjú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó yá. Kí ni kí n tẹ̀?"

Ó fi ètò tuntun ránṣẹ́ sínú rọ́tà. Kí ó lè dá wọn lójú pé kò bàjẹ́ lọ́nà, rọ́tà gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta jáde, èyí tó gbọ́dọ̀ bá ti ọwọ́ ọmọ mu. Ọmọ ń pè é, ìyá ń fi ìka tọ̀ ọ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ó bá ara mu délẹ̀. Ó wá ku àṣẹ kan ṣoṣo.

"Tí ẹ bá ti tẹ èyí, ẹ má fọwọ́ kan wáyà iná o. Tó bá kú báyìí, kò ní jí mọ́."

Màmá Táípù tẹ̀ ẹ́. Gbogbo iná ara àpótí náà kú, àfi ẹyọ kan tó ń ṣẹ́jú wìtìwìtì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọmọ ní kí wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù sílẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé Dádì bínú pé n kò wá kó tó kú?"

Láti ọdún mẹ́rin, kò tíì bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí. Tàbí bóyá ó ti béèrè, tí ìlà fóònù ti gé ọ̀rọ̀ náà.

"Kò bínú. Àárò ẹ ló ń sọ ọ́. Ó ní kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé bẹ́ẹ̀dì yàrá ẹ jáde. Ojoojúmọ́ ló ń ṣí fèrèsé ibẹ̀."

Ọmọ sunkún nígbà yẹn, ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Wọn ò mọ ìgbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ìgbà tí Màmá Táípù máa gbójú sókè, gbogbo iná ara àpótí náà ti tàn padà, wọ́n ń mọ́lẹ̀ rokoso.

Nígbà tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ tán, tí wọ́n wá pe ara wọn pẹ̀lú àwòrán, ojú ọmọ jáde kedere bí ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé. Inú màmá dùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Lẹ́yìn náà ló rí ewú tó ti gba iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó rí egungun ọrùn rẹ̀ tó yọ, àti àwọn ìlà abẹ́ ojú tí àwòrán fífọ́ wẹ́wẹ́ ọjọ́sí ti bò mọ́lẹ̀.

"O ti hu ewú," ó ní.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ti rù."

Ọmọ kékeré sáré wọlé. Màmá Táípù gbé ọwọ́ sókè, ó kí i, ó pe orúkọ rẹ̀, ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdúró. Ọmọ náà sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń yọjú. "Ó ń sọ̀rọ̀!" ló ń pariwo.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Màmá Táípù ṣí ojú dúdú yẹn fúnra rẹ̀, ó sì tẹ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sínú àpótí náà.

Ní Sátidé báyìí, ọmọ á gbé fóònù ti ara ìgò omi lórí tábìlì ìdáná rẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ ilé lọ. Níhìn-ín, màmá á máa ká aṣọ. Nígbà míì, wákàtí kan á kọjá kí wọ́n tó sọ gbólóhùn mẹ́ta. Mo bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ kan. Mo bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ti wá balẹ̀ báyìí tó ń rí ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Ó wo fóònù náà pẹ́. Lójú fóònù, ọmọ kẹ̀yìn sí wa, ó ń fọ abọ́, léébù kékeré tó wà lẹ́yìn ọrùn aṣọ rẹ̀ sì yọ síta.

"Mò ń rí i," ló wí. "Ọwọ́ mi ni kò tó o."