Àtùpà Mẹ́sàn-án Nílé Eudosia

Ní ọjọ́ kẹrin tí ìjì líle kọjá lórí òkè ìlú wa, Utuado, kò sí ilé tí àtùpà pọ̀ sí tó ilé Eudosia, kò sì sí ilé tó ṣókùnkùn tó o.

Ẹ̀dọ̀fóró ọkọ rẹ̀, Hermógenes, ti bàjẹ́. Ọ́síjìn ló fi ń mí. Nígbà tí iná ìjọba lọ, ẹ̀rọ tó ń fún un ní ọ́síjìn kú, ó wá ku sílíńdà méjì. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tan iná eléépo tàbí àbẹ́là nítòsí rẹ̀, àfi bí wọ́n bá fẹ́ kí gbogbo ilé lọ sọ́run láìdágbére.

Eudosia kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Kí ìjì tó dé ló ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù Baltasar. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ti tán, ó ku láńtánì onísólà kan.

"Ẹ gbé e, Mọ́mì. Oòrùn ló máa fún un lóúnjẹ. Ṣé oòrùn wọ́n níbí ni?"

Òótọ́ ni, kò wọ́n. Àmọ́ ìjì kò mọ̀ pé Baltasar ti ṣèlérí. Ó lọ tán, ó fi òjò rọ́pò ara rẹ̀. Láńtánì jókòó sójú fèrèsé bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní kọfí.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í lọ sílé aláìsàn pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Oúnjẹ ò sí, nítorí náà iná la gbé lọ. Nereida, aládùúgbò wọn, gbé àbẹ́là ẹni mímọ́ San Judas mẹ́ta wá. Èmi náà tí mo gbọ́n gbé àtùpà eléépo ìyá mi àgbà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, àwọn àtùpà náà ti pé mẹ́sàn-án. Fóònù gbogbo wa ti kú. Ìjì ti ká òrùlé ilé náà, àfi ti yàrá kan, inú rẹ̀ la sì kó ara wa sí.

"Tan ẹyọ kan, Eudosia," Nereida ń bẹ̀ ẹ́. "San Judas kì í jólé."

"San Judas lè má jó o. Ọ́síjìn ò tíì ṣèrìbọmi."

Hermógenes rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Àkọ́kọ́ ti tán, rọ́bà sílíńdà kejì ló wà nímú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ti ya lu títì. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ní ó di ọ̀la, bí wọ́n ṣe sọ lánàá. Ilẹ̀ ti ṣú.

"Wo ojú aago sílíńdà yẹn, kí o mọ èyí tó kù," Hermógenes sọ.

"Mi ò rí i," Eudosia ní.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

A ń gbọ́ ìró sílíńdà náà, fíì, fíì. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ ọ mọ́.

"Ó ti tán," Hermógenes sọ, ó ń dá ọ̀rọ̀ náà dúró kó lè mí. "Tan èyí tó bá wù ọ́. Mo fẹ́ rí ọ."

"Èwo?" Nereida béèrè.

Eudosia dúró láàárín àtùpà mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́, kò mọ èyí tí yóò yàn. Mo fa ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Ìṣáná kẹta ló gbiná. Kò gbé iná náà sún mọ́ ojú ọkọ rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ló gbé e sún mọ́, kí ọkọ rẹ̀ lè rí i, ó sì jókòó tì í.