Bí Etí Odò Wa Ṣe Di Akipé

Pátákó kan wà létí odò wa nígbà náà, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ AKIPÉ sí lára, tí wọ́n sì ya ọfà sábẹ́ rẹ̀ kó lè máa tọ́ka sí omi. Àwọn àlejò tó bá wá láti Kútọnu a máa dúró tì í ya fọ́tò. Orúkọ tó wà lára pátákó yẹn kì í ṣe orúkọ ibì kankan láyé yìí. Ẹnu ìyá mi ló ti jáde, ẹ̀bẹ̀ ló sì ń bẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Abúlé wa wà lápá Soclogbo, ní ilẹ̀ Ìdáàṣà tí àwọn Faransé ń pè ní Dassa, lẹ́yìn òkè, níbi tí odò kékeré kan ti ń wọ́ lọ pàdé odò ńlá Ouémé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè fẹsẹ̀ là á kọjá kí omi má dé orúnkún. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó gbọ́n á fi í sílẹ̀. Lọ́dún kan tí òjò tètè dé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ fọ aṣọ, kò padà wálé. Abẹ́ àpáta ńlá tí àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí ni wọ́n ti rí i.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí omi bá gbé, etí omi la ń sin ín sí, a kì í gbé e wọ ilé. Katekísì tó ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ abúlé lòun náà. Ó gbàdúrà níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi gbin pèrègún sí ojú ibẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, a ò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́, nítorí àwọn àgbà ní ẹni tí omi gbé, bí a bá pè é, yóò dáhùn, ẹni tó bá sì dáhùn láti inú omi kò ní ìsinmi. A kì í sì í dárúkọ ibi tó wà. Bí a bá ń lọ síbẹ̀, "ọ̀hún" la máa ń wí. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá lọ pọnmi, á sọ ìkòkò kalẹ̀, á fọwọ́ kan ewé pèrègún, á tún gbé ìkòkò rẹ̀.

Òmìnira dé. A jó, ó rẹ̀ wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá ìjọba kan bẹ̀ wá wò láti Kútọnu, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti ìgò dúdú lójú. Ó ní kò yẹ kó jẹ́ pé ihò àpáta Màríà, níbi tí àwọn ìjọ Àgùdà ti ń wá gbàdúrà, nìkan ni ará ìta mọ Dassa mọ́. Ó ní a ní òkè, a ní odò, a ní ahoro ìlú àtijọ́ lórí òkè, níbi tí ojú ọlọ ti jin sínú àpáta látọwọ́ àwọn ìyá ńlá wa, a sì ní àwọn ihò tí àwọn baba wa sá pamọ́ sí nígbà tí ogun Danhomè ń kó èèyàn lẹ́rú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé ọkùnrin náà ò purọ́ kankan. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n la ọ̀nà tó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kí àwọn àlejò lè máa fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ òjìji igi láti títì mọ́tò títí dé ìdí òkè. Baálẹ̀ ní kò burú. Wọ́n gbé ọtí jáde. Wọ́n kéde iṣẹ́ ìlú: kí ọkùnrin ṣánko, kí obìnrin ru òkúta wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ dé tòsí pèrègún ni ìyá mi kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá náà nínú ẹrẹ̀. Ará Àjàṣẹ́ ni ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn. Yorùbá Àjàṣẹ́ ló ń sọ. Ó ń gbọ́ ìdajì ohun tí à ń wí ní Ìdáàṣà, ó sì ń fi ìgboyà túmọ̀ ìdajì tó kù.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni ìyá mi wí, "ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yìí yà díẹ̀ níbí. Ẹ má gba ibẹ̀ yẹn kọjá."

Ọ̀gá béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ògbufọ̀ bi ìyá mi.

"A kì í pè é," ni ìyá mi wí.

"Akipé ni, ọ̀gá," ni ògbufọ̀ wí. "Ó ní ibẹ̀ ń jẹ́ Akipé."

Ọ̀gá tún un pè lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè lẹ́ẹ̀kejì, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní "C'est joli", pé ó dára létí, ó fọwọ́ gba ìyá mi léjìká pé kó dìde, ó sì ní kí iṣẹ́ máa lọ.

Ẹ lè bi mí pé ṣé gbogbo wa tó wà níbẹ̀ yadi ni. Mo ti bi ara mi náà. Ta ni ì bá ṣàlàyé? Kí ẹnikẹ́ni tó lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí a kì í sọ, létí omi tí a kì í ti í sọ ọ́. Àwọn àgbà wo ilẹ̀. Wọ́n bẹ́ pèrègún náà lulẹ̀. Nígbà tó kan àwọn obìnrin, ìyá mi ru apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ bí àwọn yòókù. Mo rí i bó ṣe da òkúta rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bu omi sí ọmọ tuntun lára.

Wọ́n ri pátákó náà mọ́ ojú ibẹ̀ gan-an, àwọn àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Òyìnbó wà nínú wọn, akọ̀wé Kútọnu wà nínú wọn, àwọn ọmọ iléèwé náà wà. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni wọ́n mú ṣe gíìdì, ìyẹn ẹni tó ń mú àlejò kiri, nítorí ó ti ka ìwé díẹ̀, ó sì mọ Faransé sọ. Á mú wọn dúró níbi pátákó, lẹ́yìn náà á kó wọn gorí òkè lọ wo ojú ọlọ. Èmi àti ìyá mi a máa wà lóko ẹ̀gẹ́ wa lódìkejì odò, a ò ní bá wọn dá sí i.

Ìgbà tó yá, igbe bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan tí à ń bó ẹ̀gẹ́, a gbọ́ tí ẹnì kan ń ké láti ibi pátákó, "Ohé! Ohé!", tí òkè sì ń gbohùn rẹ̀ padà. Ẹlòmíì tún ké orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí àlejò bá dé, lórí ilẹ̀ tí àwa ẹbí ẹ̀gbọ́n mi kì í ti í gbin.

Mo lọ bá gíìdì wa nílé rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń sọ fún àwọn èèyàn yẹn.

"Mo ní Akipé túmọ̀ sí ibi tí a ti ń pe ara wa," ló wí. "Mo ní àwọn ọdẹ àtijọ́ ló ń ké síra wọn níbẹ̀, kí òkè gbé ohùn wọn lọ."

Ó yọ "kì í" kúrò nínú ọ̀rọ̀ bí ẹni yọ egungun kúrò nínú ẹja. Mo ní, "Ṣé ìwọ náà ò gbọ́ èdè ìyá rẹ mọ́ ni?"

"Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n," ló wí. Kò wò mí lójú. "Wọ́n bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tó jẹ́ òótọ́, a kì í sọ ọ́. Ẹ̀yin náà, kí lẹ bá sọ?"

Mo bú u dáadáa. Mo pè é ní ọmọ tó ta ilé baba rẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún ìbéèrè yẹn, mo sì kórìíra rẹ̀ sí i nítorí pé mi ò rí i.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn Mísà, ìyá mi ò bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó gba ọ̀nà odò. Ọkọ̀ àwọn àlejò ti wà létí títì. Mo tẹ̀ lé e, inú mi sì dùn, torí mo rò pé ó fẹ́ lọ bú wọn ni. Ìyá mi mọ èébú, bí kì í tilẹ̀ í ná an.

Wọ́n tò síbi pátákó, wọ́n ń ké lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi dúró sẹ́yìn wọn títí wọ́n fi ṣe tán. Ó wá bọ́ síwájú, sórí òkúta wẹ́wẹ́ tó fi orí ara rẹ̀ rù wá, ó kọjú sí omi, ó sì pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ.

Ohùn àgbàlagbà ni, kò lágbára. Ṣùgbọ́n òkè gbé e. Ó lọ, ó padà wá, ó tún lọ kan òkè kejì, ó tún padà. Mo ti gbàgbé bí orúkọ yẹn ṣe ń dún.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin kan nínú wọn bi gíìdì pé kí ni ìyá yẹn wí. Ó wo ìyá mi, ó wò mí.

"Ó ní ẹ káàbọ̀," ló wí ní Faransé.

Inú wọn dùn. Wọ́n kọ́ ọ lẹ́nu ara wọn, wọ́n sì jọ kọjú sí omi, wọ́n ń ké orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, òkè sì ń fún wọn lésì. Mo sún síwájú láti dá wọn lẹ́kun. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é."

Ó jókòó sórí àpáta ìsáṣọ, ó ń gbọ́ wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí gíìdì fi ń kọ́ gbogbo àlejò nìyẹn, pé bí a ṣe ń kíni káàbọ̀ lórí òkè Dassa nìyẹn. Ìyá mi a sì máa lọ gbọ́ ọ, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi gbé e mọ́. Mi ò bá a lọ mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò dárí ji ẹnikẹ́ni nínú wọn, àti ẹni tó la ọ̀nà, àti ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé ló ti pe orúkọ náà. Èmi nìkan ni mi ò tíì pè é, ẹ ò sì ní rí i níhìn-ín.