Ẹṣin Tó Pẹ́ Dé

Ní ọjọ́ tí àwọn àlejò pàtàkì wá wo iṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni ìdí Bàbá Ẹlẹ́ṣin.

Ìdí lókè, orí nísàlẹ̀. Bàbá ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, lórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́, tọwọ́ tẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó ń gòkè lọ, ó sì ń wọ́ ọwọ́ òsì bí ẹni pé ó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Kò, kò, kò, wọ́ọ́. Kò, kò, kò, wọ́ọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òógùn ti bò ó. "Àwọn àlejò ti dé."

Bàbá ò wẹ̀yìn. Ó dé orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn kó tó fèsì. "Ẹṣin kì í kí àlejò tó bá ń gun òkè."

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya àwòrán tó ń rìn ni. Àwòrán tó ń rìn, tó ń kọrin, tí bàbá, ìyá àtọmọ lè jọ jókòó wò. Ọdún mẹ́ta lórí fíìmù kan ṣoṣo: ìtàn ọbabìnrin ayé àtijọ́ kan tó gun ẹṣin lọ sáàárín ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì, kí ogun má baà jà. Ọbabìnrin náà gbé ayé lóòótọ́. Ẹṣin náà gbé ayé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin péré ni ìwé ìtàn kọ nípa wọn, ìyókù wá dọwọ́ ọ̀gá. Ọ̀gá fi ẹyẹ olórin kún un. Ó fi ìkòkò tó ń jó kún un. Bàbá, tó ń ya ẹṣin náà, gba ẹyẹ, ó gba ìkòkò. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ló dìjà.

Torí ọ̀kan nínú ìlà mẹ́rin yẹn sọ pé ẹṣin náà tiro.

"Bàbá, ta ló fẹ́ wo ẹṣin tó ń tiro? Eré làwọn ọmọdé ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kó sáré."

"Ìlà tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Kí ló wí?"

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ó ní ọbabìnrin pẹ́ dé."

"Ó pẹ́ dé! Àwọn ọmọ ogun dúró dúró, oòrùn pa wọ́n, wọ́n jókòó, wọ́n sùn. Nígbà tó máa fi dé, kò sẹ́ni tó rántí ibi tó fi idà sí. Ìwọ wá ní kó sáré. Tó bá sáré, á bá wọn lójúfò. Ogun á jà nínú fíìmù ọmọdé, ìwọ ni wọ́n sì máa bi."

Ọ̀gá lọ mu omi.

Ọmọ àbúrò Bàbá ló ń kun àwọn àwòrán náà. Aláwọ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. "Ìyá mi" ni Bàbá ń pè é, ó ní iwájú orí ìyá òun ló gbé wá sáyé. Tábìlì wọn kọjú síra. Gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù tí wọ́n ti gbẹ́ títí ó fi kéré bí eyín. Bébà méjìlá fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹṣin kan lórí ẹṣin kan, fífẹ́lẹ́ bí ìkùukùu, gbogbo wọn ń lọ síbì kan náà láìkúrò lójú kan.

"Bàbá, ẹ wá jẹun."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lókè, Ìyá mi. Jẹ́ kí n bá a gbé e sílẹ̀ ná."

Ọ̀gá gbìyànjú ìdúnàádúrà. Orin méje ló wà nínú fíìmù náà.

"Kó tiro nínú orin kan péré, Bàbá."

"Méje."

"Ó dáa, méjì."

"Méje."

"Mẹ́ta, kí n má baà dùbúlẹ̀ àìsàn!"

"Mẹ́ta. Mo gbà."

Gbogbo ilé iṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n jókòó wo iṣẹ́, Bàbá ò yẹ àdéhùn: orin mẹ́ta ni ẹṣin fi tiro. Ẹṣin fi mẹ́rin tó kù sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá gbé orí lé tábìlì, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ sinmi ojú. Aláwọ̀ ń kun sánmà lọ. Nígbà tó ní kí Bàbá wá jẹun, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ kankan wà lókè.

Ó sì wà lókè. Ẹsẹ̀ òsì, ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn, níwájú àwọn ọmọ ogun tó ń sùn. Bébà mẹ́rìndínlógún ló kù kó balẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó lè ya títiro yẹn mọ́," ni ọ̀gá wí lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá. Kò wojú Aláwọ̀. "Ká jẹ́ kó sáré wọlé. Kí la fẹ́ ṣe?"

"Èmi á yà á."

"Àwọ̀ lo máa ń kùn, Aláwọ̀."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ohun tó ń yà jọ àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó bọ́ bàtà. Ó lọ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó wò yíká, ó fi ọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀, ó gbé ìdí sókè. Ìmọ́lẹ̀ ti ojú fèrèsé wọlé, eruku ń fò nínú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó wá ń ṣe é bíi pé ẹnì kan ń gòkè lọ níwájú òun. Kò, kò, kò, wọ́ọ́.

Ó gbọ́ bàtà ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀. Bàtà náà dúró. Aláwọ̀ ò dìde, kò kí i. Ó ń dúró kí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Òsì ni," ni ọ̀gá wí. "Ọ̀tún lò ń wọ́. Bàbá á bínú."

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, ẹ̀yìn pátápátá ni Aláwọ̀ jókòó sí. Ẹyẹ kọrin, ìkòkò jó. Ẹṣin náà tiro wọ àárín àwọn tó ń sùn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lẹ́, ó balẹ̀. Kò sí ogun.

Wọ́n tan iná. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀kan tiro, èkejì tiro, títí gbogbo ọ̀nà àárín àga fi kún fún ẹṣin.

"Rìn dáadáa, jàre!" ni ìyá kan ń pariwo mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. "Ilẹ̀ ń ṣú lọ. A ti pẹ́!"

"Ẹ rọra, màámi," ni ọmọ náà wí, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. "Wọn ò tíì sùn tán."

Aláwọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó síbẹ̀. Kò kánjú.