Orin Tó Gba Ẹsẹ̀ Wọlé

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Zipporah Ọláyọdé ti ń kọ ohùn kejì àwọn obìnrin, èyí tí à ń pè ní áòtò, nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìlá. Ẹgbẹ́ ni wá, áòtò ni èmi náà, èmi ni mo sì ń jókòó tì í. N kò rí i kó ṣí ìwé orin rí. Gbogbo rẹ̀ ló há sórí. Obì ló ń ṣe jẹun. Á ra gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ apá Ọ̀rà, á rẹ ẹ́ sómi, á bó o, á wá ṣà á sínú agbọ̀n tí ó fi ewé tẹ́.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọ́n sọ fún un ní ọsibítù pé ti ọ̀tún ti kú, ti òsì náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi nìkan ló sọ fún. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti tó àsìkò kí áòtò gbé orin, màá fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a ṣe ń tan ìjọ nìyẹn. Ó wá sọ fún mi pé bí òun bá fi lè ba orin ìkórè ọdún yìí jẹ́, òun á bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú ló ń bẹ̀rù. Kò mọ ohun tí òun máa jẹ́ bí kò bá sí orin mọ́.

Ó ra sípíkà ńlá kan, bóyá òun á tún lè gbọ́ orin, ó sì fún Fáòsíátù, oníbàárà tó ń ra obì rẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ní káàdì mẹ́mọ́rì pé kí ó bá òun kó orin ìjọ sí i, èyí tó bá lágbára jù.

Lọ́jọ́ tí Fáòsíátù mú un dé, àwa mẹ́ta la jókòó nínú yàrá obì. Orí pákó ni à ń gbé agbọ̀n obì lé kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bà á jẹ́. Orí pákó náà la gbé sípíkà sí, ibẹ̀ náà ni Zipporah na ẹsẹ̀ méjèèjì sí láìwọ bàtà. Orin ìjọ mẹ́ta kọjá. Ó ń bó obì rẹ̀ lọ. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìkẹrin bẹ̀rẹ̀. Jìtá kan tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ kọ́kọ́ ń rìn, kò kánjú. Ìlù bá a, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan ké jáde, ohùn rẹ̀ ń há bí ìgbà tí èèyàn ń fi iyanrìn fọ ìdí ìkòkò. Obì bọ́ lọ́wọ́ Zipporah. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Kí ló ń rìn nínú pákó yìí?”

Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó dijú. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń ka ìlù náà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí orin náà parí, ó ní, “Fáòsíátù, orin ìjọ wo lo kó wá yìí?”

Fáòsíátù pariwo sí i létí òsì: “Ṣé kì í ṣe tiyín ni, Ìyá? Wọ́n ní orin òyìnbó ni. Ṣebí òyìnbó ló gbé ṣọ́ọ̀ṣì wá fún yín!”

“Àwọn wọ̀nyí kò jọ ẹni tó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín pa á rẹ́, ẹ má bínú.”

“Bí o bá dán an wò, wàá wá ẹlòmíì tó máa ta obì fún ọ.”

Ìyádùnní ọmọ Zipporah, tó ń ṣe tíṣà, ló bá a wò ó lórí fóònù. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú orin náà. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì ti túká kí á tó bí Ìyádùnní. Ẹni tó ń ta jìtá tó jinlẹ̀ yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní béèsì, ti kú.

“Ẹni tó ti kú,” ni Zipporah wí, “òun ló ń gbé ẹsẹ̀ mi báyìí?” Ó ní kí a tún gbé e sí i. Lójoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ, ó sì máa ń dákẹ́ fún un bí ẹni tó wà níwájú ọba.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìkórè pé nígbà tó lọ bá Fẹ́mi, ọ̀gá akọrin wa, tó ní kí wọ́n gbé àga òun lọ sórí pèpéle onípákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà jìtá béèsì. Obìnrin kì í jókòó níbẹ̀ ní ìjọ wa; àyè àwọn ọkùnrin ni.

“Háà, Màámi! Kí ni ká sọ fún àwọn àgbà ìjọ?”

“Sọ pé mo ti ń lé ọkùnrin.”

Fẹ́mi rẹ́rìn-ín títí, àfìgbà tí Zipporah sọ òtítọ́ etí ara rẹ̀ fún un. Fẹ́mi fúnra rẹ̀ ló gbé àga náà.

Lọ́jọ́ ìkórè, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga. N kò ní purọ́, ohùn rẹ̀ kò já gaara bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àsìkò áòtò, ìgúnpá mi ṣèèṣì na ara rẹ̀, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Mo gbójú sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ni mo ń wò lórí pákó. Ó la ẹnu, ó sì gbé orin náà gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ.

Èmi ni mo pẹ́ kí n tó gbé e.