Páálí Adìẹ Tí Ìyá Ọkọ Mi Kà

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń lé wa. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo wa ni. Mo bí àkọ́bí mi n'Íkòròdú, ìyá ọkọ mi sì ti Ẹ̀pẹ́ wá bá mi wẹ ọmọ. Mo fi adìẹ yìnyín tí mo rà lọ́jà Itamaga se ọbẹ̀ dè é. Màmá ṣí ìkòkò.

"Ìyàwó mi, ta ló dú u?"

Mi ò mọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, Màmá mọ alápatà, ó mọ bàbá alápatà. Adìẹ tirẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ààfáà àdúgbò ló ń bá a dú u pẹ̀lú bísímílà. Ó rọra bo ìkòkò mi padà, ó ní kí n má bínú, gàárì lòun máa mu. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ojú tì mí. Ṣé bí yóò ṣe padà sílé nìyẹn, kó ní òun ò jẹ ọbẹ̀ ìyàwó òun?

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá tó tà á fún mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ladìẹ yìí ti wá?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni? Àbí kọ́sítọ́ọ̀mù ló rán yín?"

Ìjọba ti fòfin de adìẹ yìnyín tó ń ti òkè òkun wọlé nígbà yẹn, ìyá náà kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Màmá, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn fírísà, ó ya ẹ̀gbẹ́ páálí kan fún mi. Mo ra méjì nínú adìẹ páálí náà. Lárúbáwá ni wọ́n kọ sí i lára. Èmi tí mo lọ yunifásítì ò lè ka ìlà kan.

Màmá kéwú láti kékeré. Mo gbé páálí náà fún un nílé, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti ọ̀tún sósì, ó ń kà á sókè bí ẹni ń ka Kùránì. Títí dòní, bí mo bá dúró níwájú fírísà ilé ìtajà, mo máa ń gbọ́ ohùn yẹn.

"Haláàlì rèé. Èyí ń kọ́? Ba-ra-sí-lì. Níbo nìyẹn?"

"Ìlú àwọn agbábọ́ọ̀lù ni, Màmá."

"Wọ́n ń kírun níbẹ̀?"

"Àwọn kan ń kírun, mà."

Ó tún yí páálí náà wò. "Wọn ò kọ orúkọ ẹni tó mú ọ̀bẹ." Ó gbé páálí sílẹ̀. "Ó dáa náà. Lọ sè é."

Ó jẹ ègé kan, ó rún egungun rẹ̀ bíi bisikíìtì. "Adìẹ yìí ò sáré rí láyé ẹ̀," ló wí. Ló bá na àwo sí mi.

"Fi ọ̀kan sí i."