Nítorí Pé Inú Ń Bí Wọn

Bàámi ò lè rí ẹni tínú ń bí kí wọ́n má bẹ̀ ẹ́. Kò kàn wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n fa ìbínú náà. Lọ́jọ́ tí táyà mọ́tò tó ń gbé wa bọ̀ láti Ìkìrun bẹ́ lẹ́yìn Inísà, àwa èrò ló yẹ kí wọ́n bẹ̀, ṣùgbọ́n bàámi ló sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, ẹ má bínú." Màámi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá ṣú tí kò rọ̀, wọ́n á bẹ ojú ọ̀run. Èmi ò jọ bàámi rárá. Tíṣà ni mí ní Inísà, àwọn ọmọ kíláàsì mi lè jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé màámi ni mo ti jogún inú fùfù.

Ẹ̀bẹ̀ yìí ló gbé bàámi dé kóòtù.

Òkukù nilé wa, oko wa sì wà lójú ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sí Igbayè. Oko kajú bàbá àgbàlagbà kan ló bá tiwa pààlà. Bàbá yìí ju bàámi lọ dáadáa, kajú náà sì ni gbogbo ohun tó kù fún wọn láyé. Nígbà ọyẹ́, iná mú oko náà, ó sì jó o ráúráú. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó tiná bọ igbó. Ó lè jẹ́ àwọn tó ń lé ọ̀yà, ó lè jẹ́ ẹni tó ń fa sìgá kọjá. Bàámi ò sí lóko lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ilé ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́, wọ́n gbéra, ó di ilé baba oníkajú, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ forí jì wá."

Baba oníkajú wò wọ́n títí. "Bí kì í bá ṣe ìwọ," baba náà wí, "kí lo wá ń tọrọ àforíjì fún?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́pàá ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

Mo sáré dé láti Inísà, mo bá wọn ní tẹ́ṣàn. Kí n má parọ́, ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò hùwà ìkà sí wa. Ó sọ fún bàámi pé òfin fún wọn láyè láti dákẹ́ títí lọ́yà wọn á fi dé, pé kò sẹ́ni tó lè fipá mú wọn sọ̀rọ̀. Bàámi wò ó bí ẹni pé ó bú wọn. "Ẹni tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ jókòó síwájú mi, kí n wá dákẹ́? Ṣé odi ni mí ni?" Wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀: pé àwọn ò sí lóko, pé àwọn ti bẹ baba oníkajú, pé àwọn á tún padà lọ bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́pàá náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo ṣe onídùúró kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí a délé, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá dé iwájú adájọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní ẹ gbà pé ẹ ṣe é, ẹ̀wọ̀n ló sì máa já sí." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Màámi tó ń koná lábẹ́ ìkòkò ní, "Sọ fún ewúrẹ́ pé kó má jẹ èèpo iṣu." Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà. Ọ̀rọ̀ baba oníkajú ló ń dùn wọ́n. Inú kànga kan náà làwa àti baba náà ti jọ ń pọnmi. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," màámi wí, wọ́n sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wa.

Kóòtù wà ní Ìkìrun. Adájọ́ náà, obìnrin ni, mi ò rò pé ó dàgbà jù mí lọ. Wọ́n ní kí bàámi wọ inú àpótí tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí. Akọ̀wé kóòtù ka ẹ̀sùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún un sọ ní Yorùbá: wọ́n ní bàámi mọ̀ọ́mọ̀ tiná bọ oko olóko. Ṣé wọ́n jẹ̀bi àbí wọn ò jẹ̀bi?

Bàámi wo adájọ́. Wọ́n yíjú wo baba oníkajú tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tójú wọn pọ́n. Mo rí ọwọ́ bàámi tó di igi àpótí yẹn mú, mo sì mọ̀ pé ìkìlọ̀ mi ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àyè dọ̀bálẹ̀ ò sí níbẹ̀, wọ́n bá kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Kí baba náà má bínú. Ẹ ṣàánú mi."

Akọ̀wé ti gbé bírò. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba dìde, ó ní ohun tí kóòtù gbọ́ náà nìyẹn, olùjẹ́jọ́ ti gbà.

Adájọ́ gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ má tíì kọ nǹkan kan." Ó pa Gẹ̀ẹ́sì tì. "Bàbá, ẹ dìde. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo ní kí ẹ bẹ̀ mí. Ṣé ẹ̀yin lẹ tiná bọ oko náà?"

"Èmi kọ́, mà. Mi ò tilẹ̀ sí lóko."

"Kí lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Bàámi wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tó fi ń mí. "Nítorí pé inú ń bí wọn, mà."

Adájọ́ náà sọ fún akọ̀wé pé, "Kọ ọ́ pé kò jẹ̀bi." Ó wá kọjú sí bàámi. Ó ní ẹ̀tọ́ wọn ni láti ní lọ́yà, bí wọn ò bá sì lágbára rẹ̀, wọ́n á bá wọn wá èyí tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa fi hàn mí pé ẹ ò ṣe é. Àwọn tó gbé yín wá ló máa fi hàn pé ẹ ṣe é. Títí dìgbà náà, aláìlẹ́bi ni yín lójú mi."

Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí wọ́n ń dà á kọ, tí mo ń máàkì í. Mi ò rí i rí. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i lójúkojú. Ẹni tó ní agbára láti sọ bàámi sẹ́wọ̀n, ọ̀nà sì ti là fún un, òun ló dá ọwọ́ ara rẹ̀ dúró kó lè bi àgbẹ̀ kan léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n mọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Obìnrin yìí ò tilẹ̀ gbà kí bàámi fẹnu ara wọn dá ara wọn lẹ́bi.

Nígbà tí ẹjọ́ náà tún padà wá, lọ́yà ọ̀fẹ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọkùnrin tínrín kan báyìí. Ó bi baba oníkajú bóyá wọ́n rí bàámi lóko lọ́jọ́ náà.

"Rárá," ni baba oníkajú dáhùn.

"Ta ló wá sọ fún yín pé àwọn ni?"

"Òun ló wá bẹ̀ mí."

"Bàbá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ò bẹ ẹnikẹ́ni rí lórí ohun tí ẹ ò ṣe?"

"Mo ti bẹ̀ rí."

"Ta lẹ bẹ̀?"

"Ìyàwó mi."

Ẹ̀rín sọ nínú kóòtù. Adájọ́ pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Baba oníkajú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti kú," baba náà wí. "Òun ló gbin kajú yẹn." Inú tó ti ń bí mi sí bàbá yìí láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kàn rọlẹ̀ ni. Wọn ì bá ti purọ́ pé àwọn rí bàámi, ta ni ì bá já wọn nírọ́? Iná ti jó ohun tí ìyàwó wọn fi sílẹ̀ fún wọn, síbẹ̀ wọn ò purọ́.

Adájọ́ ní ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ó tú bàámi sílẹ̀.

Níbi tí a ti ń dúró de mọ́tò Òkukù ni baba oníkajú ti bá wa. Bàámi ti fẹ́ wólẹ̀, mo bá di apá bùbá wọn mú. Ni baba oníkajú bá ṣí fìlà, orí wọn funfun báláú nínú oòrùn. "Má bínú, àbúrò mi," wọ́n wí.

Mi ò rí i rí kí àgbà tó tó bẹ́ẹ̀ ṣí fìlà fún ẹni tí wọ́n jù lọ. Bàámi já ọwọ́ wọn gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú eruku gáréèjì.

"Ẹ dé fìlà yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Inú ló bí yín."

Orí ìjókòó kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí nínú mọ́tò, èmi wà lẹ́yìn wọn. Màámi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a délé. Wọ́n rí bàámi, wọ́n rí ẹni tó tẹ̀lé wọn bọ̀. Wọn ò pa òwe kankan. Wọ́n wọlé lọ bu omi kànga wá fún àlejò.